Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àyíká ní yunifásítì: kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ wo ló sì wà fún ẹni tó bá kọ́ ọ?

Ọ̀dọ́-Inú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì wù mí kí n lọ kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àyíká. Bàbá mi ò bá mi jà sí i, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ ọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Tó o bá ṣe tán, kí lo máa jẹ́? Dókítà ń jẹ́ dókítà, lọ́yà ń jẹ́ lọ́yà. Ìwọ ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún wọn. Wọ́n ní kí n kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bàọ́lọ́jì ni mo mọ̀ jù, ìṣirò ò fi bẹ́ẹ̀ yá mi lára. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe ní kíláàsì gan-an? Ta ló sì ń gba ẹni tó kọ́ ọ síṣẹ́?

Oníláàbù

Àbúrò, o káre. Ìbéèrè bàbá rẹ dára, má bínú sí wọn.

Ìfẹ́ igi àti ẹyẹ ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀kọ́ yìí. Tó o bá wọlé tán, wíwọ̀n ni iṣẹ́: kí ló wà nínú omi yìí, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ibo ló ti wá, ta ló máa pa lára? Ọdún 3 tàbí 4 ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ọ, ó yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ọdún àkọ́kọ́ kún fún kẹ́mísìrì, bàọ́lọ́jì, físíìsì díẹ̀, àti ẹ̀kọ́ nípa àpáta àti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá bá omi inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́, ìdọ̀tí, bí ẹ̀dá ṣe ń bá ara wọn gbé, òfin àyíká, àti yíya máàpù lórí kọ̀ǹpútà pàdé.

Iṣẹ́ omi ni tèmi. Tá a bá dé etí odò, a kì í kàn bu omi sí ìgò ká máa lọ. Ìgò tá a máa fi wá kòkòrò àìfojúrí, láti láàbù ni wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀. Etí odò níbẹ̀ la ti ń wọn bí omi ṣe gbóná tó, pH rẹ̀ (ìyẹn bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó), àti ọ́síjìn tó yòrò sínú rẹ̀, torí kó tó dé láàbù, wọ́n á ti yí padà. Ìgò tá a fẹ́ fi wá òjé àtàwọn mẹ́táàlì bẹ́ẹ̀, a ó kán ásíìdì náítíríìkì sí i títí pH rẹ̀ á fi wá sísàlẹ̀ 2, kí mẹ́táàlì má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Àwọn tó kù á wọ inú yìnyín. A tún máa ń gbé ìgò kan tí omi mímọ́ láàbù wà nínú rẹ̀ lọ, a ó gbé e bọ̀ láìbu omi odò kankan sí i. Tá a bá rí òjé nínú ìyẹn, àwa la gbé òjé dé ibẹ̀, odò ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìgò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó bu ú, àti ìwé kan tí gbogbo ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Tí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù, ìwé yẹn ni lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà ni láàbù. Bí àpẹẹrẹ, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní BOD: wọ́n á fi omi pamọ́ sínú òkùnkùn ní ìgbóná 20°C fún ọjọ́ 5, wọ́n á wá wo iye ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ti lò. Ọ̀gá tó bá ń pariwo pé òun fẹ́ èsì lọ́la, kó máa pariwo lọ.

Sọ fún bàbá pé ẹnì kan tó kọ́ ọ ń jẹ́ ayẹ-omi-wò, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé.

Ẹlẹ́rọ-Omi

Iṣẹ́ ẹ̀rọ àyíká ni èmi kọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà bàbá díẹ̀.

Oníláàbù á sọ fún ọ pé náítíréètì, kẹ́míkà kan, inú omi kan ti ju mílígíráámù 50 lọ nínú lítà kan, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n fún omi mímu. Ibi tí tiẹ̀ parí sí nìyẹn. Èmi ni màá ya àwòrán ohun tó máa yọ náítíréètì náà kúrò: bí táǹkì ṣe máa tóbi tó, irú páǹpù tó máa gbé omi náà, iye tó máa ná ìlú. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ẹlẹ́rọ nìkan ló lè buwọ́ lu irú àwòrán bẹ́ẹ̀, dígírì sáyẹ́ǹsì àyíká kì í sì í sábà tó láti gba ìwé àṣẹ ọ̀hún. Ìsinsìnyí ló yẹ kó o rò ó, kì í ṣe nígbà tó o bá ti lo ọdún mẹ́ta. Mo mọ àwọn tó fẹ́ yà bọ́ síbí lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n padà sí.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ìṣirò tí wọ́n ń pè ní kálíkúlọ́ọ̀sì ń lé ọ sá, má wá sọ́dọ̀ wa nítorí kí inú bàbá lè dùn. Kì í dáa.

Ẹ̀kọ́ kẹta tún wà tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ méjèèjì, ìyẹn ìlera àyíká. Iṣẹ́ wolé-wolé ni kó o fi mọ ìyẹn: ibi ìdáná ilé oúnjẹ, omi ẹ̀rọ, eku, àrùn, ilé tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ sí. Àwọn náà sábà máa ń ní ìwé àṣẹ tiwọn. Orúkọ jọra, iṣẹ́ ò jọra. Ka orúkọ ẹ̀kọ́ náà dáadáa lórí fọ́ọ̀mù kó o tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀dọ́-Inú-Igbó

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka ti ẹ̀gbọ́n Oníláàbù fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń pariwo yẹn. Ìṣirò ńkọ́? Mo rí sìtátísíìkì nínú àwọn ohun tí yunifásítì kan tò sílẹ̀, àyà mi já.

Ojú-Sátẹ́láìtì

Àbúrò, kálíkúlọ́ọ̀sì tó o máa bá pàdé kò pọ̀. Sìtátísíìkì ni o ò lè sá fún, má sì wá ibi tí wọ́n ti máa fò ó fún ọ, torí òun ni ìdajì iṣẹ́.

Jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn ọ́. Ní 1958, Charles David Keeling, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáìdì lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́, nǹkan bí 315 ni gáàsì náà nígbà yẹn. Ní báyìí ó ti kọjá 420, wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n. Ìlà tí àwọn nọ́ńbà yẹn fà ń gòkè, àmọ́ kì í gòkè gbọọrọ. Ọdọọdún ló ń yọ gọnbu-gọnbu: láti nǹkan bí oṣù karùn-ún, ewéko ìhà àríwá ayé á máa hù, wọ́n á máa fa gáàsì náà mu, nọ́ńbà á lọ sílẹ̀ títí dé oṣù kẹsàn-án, tí ewé bá wá wọ́ tó ń jẹrà, á tún gòkè, á sì ga ju ti èṣí lọ. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti oṣù karùn-ún dé ìkẹsàn-án péré, tó sì kó káńgárá rẹ̀ nílẹ̀, á búra pé gáàsì náà ń dín kù. Kò purọ́ nọ́ńbà kankan, síbẹ̀ irọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bá a ṣe ń ya ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ inú ọdún kúrò lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, òun ni sìtátísíìkì tí wọ́n máa kọ́ ọ. Ìwọ tó o fẹ́ràn ewéko, wàá gbádùn rẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ.

Iṣẹ́ tèmi ni fífi àwòrán sátẹ́láìtì wo ilẹ̀. Láti 1972 ni àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya ojú ilẹ̀ ayé, láti 2008 sì ni gbogbo àwòrán rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tiẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni, ohun tó bá fẹ̀ tó mítà 10 ló sì lè rí. Ewé tútù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, á sì ta irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa ò rí padà, wọ́n ń pè é ní ínfírárẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, wọ́n á yọ pupa kúrò nínú ínfírárẹ́ẹ̀dì, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á wá fi èyí pín tọ̀hún. Bí èsì bá ṣe ń sún mọ́ 1 ni ewé ibẹ̀ ṣe ń dúdú tó. Àròpọ̀, àyọkúrò àti ìpín nìyẹn, ṣé èyí ló ń já ọ láyà?

Má dúró de ọdún kẹta. QGIS tí wọ́n fi ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, R tí wọ́n fi ń ṣe sìtátísíìkì ọ̀fẹ́ ni, Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, náà ọ̀fẹ́ ni. Wá àwòrán Òkun Aral ní àárín gbùngbùn Éṣíà, èyí tó gbẹ nítorí wọ́n darí omi odò méjì tó ń wọ inú rẹ̀ lọ sí oko òwú. Gba ti 1990 àti ti ọdún tó kọjá, kó o fi QGIS wọn iye omi tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá mú irú máàpù bẹ́ẹ̀ wá sí ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Ìwé-Àkọsílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ ti sọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó oṣù ti ń wá. Òfin ló ń bí iṣẹ́ yìí.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, Richard Nixon, buwọ́ lu òfin kan tó ní kí ìjọba má ṣe gbé iṣẹ́ ńlá kankan láìkọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká. Ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ayé ló ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ báyìí. Wò ó bó ṣe rí: ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà, tó fẹ́ wa kùsà, tó fẹ́ kọ́ ibùdó iná mànàmáná, gbogbo wọn ló nílò ẹni tó máa wọn omi, ẹni tó máa ka ẹranko, ẹni tó máa ya máàpù, ẹni tó máa kọ ìjábọ̀. Ìjọba náà nílò ẹni tó máa ka ìjábọ̀ ọ̀hún kó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ á gba ẹni tó máa rí i pé wọn ò rú òfin. Láti 1996 ni ìlànà ISO 14001 sì ti wà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ètò fún ọ̀rọ̀ àyíká àti ẹni tó máa mójú tó o.

Nítorí náà, àbúrò, kó o tó ka ìwé ìpolówó yunifásítì, ka òfin orílẹ̀-èdè tó o fẹ́ ṣiṣẹ́. Ta ni wọ́n ní kó máa wọn èéfín rẹ̀? Lẹ́ẹ̀mélòó lọ́dún? Ta ló lè buwọ́ lu ìjábọ̀? Ibi tí òfin bá wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ lé e, iṣẹ́ á ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ọ̀dọ̀ ìjọba lèmi wà, mo ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò. Àwọn èèyàn rò pé páìpù la máa ń sáré lọ wò. Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Tí mo bá rí i pé pH omi tó ń jáde jẹ́ 7.2 lónìí, 7.2 lọ́la, 7.2 ní gbogbo oṣù, mo ti mọ̀ pé ọ́fíìsì ni ẹnì kan jókòó sí tó ń kọ ọ́. Omi gidi kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni màá tó ní kí wọ́n mú mi lọ sídìí páìpù.

Kọ̀wé-Kọ̀wé

Mo ń bá ilé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ṣiṣẹ́, irú àwọn tó ń kọ ìjábọ̀ tí Ìwé-Àkọsílẹ̀ ń kà. (Ẹ̀yin lẹ máa ń dá a padà fún wa, ẹ kú iṣẹ́ náà.)

Ohun tó máa ń ya àwọn tuntun lẹ́nu ni pé kíkọ̀wé ló pọ̀ jù. Wọ́n rò pé bàtà ẹrẹ̀ ni wọ́n máa máa wọ̀ lójoojúmọ́. A máa ń lọ lóòótọ́, a sì gbọ́dọ̀ lọ nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí odò tó kún máa ń bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀: omi ti là á. Ìgbà tí odò bá fà ni àṣírí ń tú. Àmọ́ lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lá a fi ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó bá lè fi ojú ìwé kan sọ ohun tó rí, bó ṣe dá a lójú tó, àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí i, tí á sì yé alága àdúgbò tí kò kàwé sáyẹ́ǹsì rárá, òun là ń wá. Ó ṣọ̀wọ́n o. Gbogbo ìwé tí olùkọ́ bá ní kó o kọ, kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kà á.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kọ́ni ní kíláàsì. Ẹni tó ń sanwó ìjábọ̀ ni ẹni tí ìjábọ̀ náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Oníbàárà kan wà, kò sídìí fún dídárúkọ rẹ̀, a wọn eruku kíkíní tó ń jẹ́ PM2.5 lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ kan tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ wọn. Láti 2021, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé kó má kọjá máíkírógíráámù 5 nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ tá a bá fi ọdún kan ṣírò ó. Tiwọn ga fíofío ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ká yọ ojú ibẹ̀ kúrò, kí a fi àwọn ibi yòókù sílẹ̀. Ọ̀gá mi kọ̀. Wọn ò gbé iṣẹ́ fún wa mọ́, ó sì dùn wá lápò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, kó ti mọ̀ pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, kó sì wádìí irú ọ̀gá tó fẹ́ sìn.

Ẹ-Má-Tàn-Wọ́n

Gbogbo yín sọ̀rọ̀ bíi pé iṣẹ́ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ mìíràn pọ̀ lọ jàra. Ó gbòòrò jù! Kẹ́mísìrì díẹ̀, bàọ́lọ́jì díẹ̀, òfin díẹ̀. Tí láàbù bá fẹ́ gba èèyàn, ẹni tó kọ́ kẹ́mísìrì ni wọ́n máa gbà. Tí ilé-iṣẹ́ kùsà bá fẹ́ gba èèyàn, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ àpáta ni. Ìmọ̀ràn tèmi: kọ́ ọ̀kan nínú àwọn yẹn, kó o wá fi àyíká ṣe másítà tó bá ṣì wù ọ́.

Oníláàbù

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ní láàbù tiwa, tí ẹni méjì bá wá, tí ọ̀kan kọ́ kẹ́mísìrì tí èkejì kọ́ àyíká, onikẹ́mísìrì ló sábà máa ń borí, àyàfi tí èkejì bá ti lo ẹ̀rọ wa rí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bangladesh. Omi orí ilẹ̀ kún fún kòkòrò, ó ń pa àwọn ọmọdé. Láti àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ kànga onípáìpù tó pọ̀ rẹpẹtẹ káàkiri kí àwọn èèyàn lè máa mu omi inú ilẹ̀. Ẹlẹ́rọ ṣe tiẹ̀, onílera ṣe tiẹ̀, kòkòrò kúrò nínú omi. Kò sẹ́ni tó yẹ ásẹ́níìkì, májèlé kan, wò, bẹ́ẹ̀ inú ilẹ̀ ibẹ̀ ló wà látọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kankan ló dà á síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, àmì ti ń yọ lára àwọn èèyàn, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn ń le gbandi, jẹjẹrẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ti mu omi tó ju máíkírógíráámù 10 nínú lítà kan lọ, òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé. Iṣẹ́ ẹni tó mọ díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ ni láti na ọwọ́ sókè ní ìpàdé kó béèrè pé, "Irú àpáta wo ni omi yìí ń gbà kọjá?" Mi ò gbà pé gbígbòòrò ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ àlébù.

Kó gbòòrò, ṣùgbọ́n kí ibì kan jìn nínú rẹ̀. Àbúrò, nígbà tó o bá máa fi parí ọdún kejì, mú ọ̀kan: omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ tó ti bàjẹ́, máàpù, ẹranko, tàbí òfin. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fún ọ láyè láti yàn, ibẹ̀ ni kó o yàn án sí, kí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ náà wà níbẹ̀.

Màmá-Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ gba èmi náà láyè o. Ọmọbìnrin mi ti wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹnu iṣẹ́. Ṣé kò léwu? Ó tún ń sọ̀rọ̀ másítà, mo ní kó jẹ́ kí n mí ná.

Ẹlẹ́rọ-Omi

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Mà. Irú ibi iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó lọ, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ ju kíláàsì lọ, àmọ́ ẹ sọ èyí fún un. Gáàsì kan wà níbẹ̀, haidirójìn sọ́fáìdì, tó ń rùn bí ẹyin tó jẹrà. Tó bá kéré, imú á gbọ́ ọ. Tó bá pọ̀, ńṣe ló máa ń pa imú, òórùn náà á dákẹ́ lójijì, èèyàn á rò pé ó ti lọ. Kó má wọ ihò tàbí táǹkì kankan láé tí wọn ò bá tíì fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó dúró lókè. Bí ẹlòmíì bá ṣubú síbẹ̀, kó má kó sí i lọ gbé e, kó pe àwọn tó ní aṣọ àti ẹ̀rọ ìmí. Bí wọ́n bá ní kó wọlé láìwọn nǹkan kan, kó kọ̀, kó padà wálé. Tí ibẹ̀ bá ń tẹ̀ lé ìlànà, ọkàn yín lè balẹ̀.

Ojú-Sátẹ́láìtì

Lórí másítà, Mà: ó sinmi lórí ibi tó ń lọ. Tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí tàbí kọ́ni ní yunifásítì, kò sí àní-àní, àti másítà àti dókítà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló máa ṣe. Ìwádìí ló fi han ayé ní 1974, látọwọ́ Mario Molina àti Sherwood Rowland, pé gáàsì inú fíríìjì àti agolo tó ń fín nǹkan lè ba ìpele ósóònù tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn jẹ́; ní 1985 wọ́n kéde ihò ńlá lókè Antarctica, ní 1987 àwọn orílẹ̀-èdè ti buwọ́ lu àdéhùn Montreal láti dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò ṣeé ṣe pẹ̀lú dígírì kan. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí ti olùdámọ̀ràn ló fẹ́, kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ mọ másítà tó yẹ òun, ẹlòmíì sì máa ń rí ọ̀gá tó bá a san án.

Onísípírẹ́dì

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo wà. Láti 2001 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní GHG Protocol ti wà fún ṣíṣírò gáàsì tí ilé-iṣẹ́ ń tú síta. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń jó, bí epo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, èyí tó wà nínú iná mànàmáná tí wọ́n ń rà, àti gbogbo ìyókù, láti ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹlòmíì dé bí oníbàárà ṣe ń lo ọjà wọn. Ìkẹta yìí ló sábà máa ń pọ̀ jù, òun náà ló máa ń fún èèyàn ní orífífọ́, torí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ fún ọ. Excel ni mò ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn igbó, kó má wá síbí. Ẹni tó bá lè fi sùúrù wá ìwé epo ọkọ̀ ọdún kan gbogbo, tó sì lè sọ fún ọ̀gá pé ìpolówó tó fẹ́ ṣe ju ohun tí nọ́ńbà sọ lọ, àyè wà fún un.

Ọ̀dọ́-Inú-Igbó

Orí mi ti wú. Omi ló ń wù mí báyìí. Lóṣù tó ń bọ̀, yunifásítì méjì máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ wá wo ilé. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn?

Kọ̀wé-Kọ̀wé

Má béèrè bóyá ẹ̀kọ́ wọn dára, wọ́n á ní ó dára. Béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níta. Ní kí wọ́n mú ọ wo láàbù, kó o bi akẹ́kọ̀ọ́ tó o bá bá níbẹ̀, kì í ṣe olùkọ́, bóyá ọwọ́ tiẹ̀ ti kan ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì yẹn rí tàbí olùkọ́ ló ń lò ó tí wọ́n ń wò. Béèrè àkọlé iṣẹ́ ìwádìí àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé pín fún àwọn èèyàn láti dáhùn, láìsí ẹni tó wọn ohunkóhun, sá. Béèrè bóyá àyè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹnu iṣẹ́ wà, àti ta ló ń wá ibẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ ni àbí ìwọ fúnra rẹ? Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà máa ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ kan kí wọ́n má fọwọ́ sí èkejì. Béèrè ìyẹn náà.

Ìwé-Àkọsílẹ̀

Kó fi kún un: ta ló ń kọ́ wọn ní òfin? Tó bá jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi òfin múlẹ̀ rí, ó yàtọ̀ gan-an.

Ọ̀dọ́-Inú-Igbó

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi jókòó tì mí, wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè bóyá ariwo náà wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, torí ibi ẹ̀rọ ni àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbi iṣẹ́ àwọn jẹ́ désíbẹ̀lì 80, wọ́n fẹ́ gbé irú rẹ̀ kejì wá, ṣé á wá di 160?

Ẹlẹ́rọ-Omi

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ó wà níbẹ̀ dáadáa, ariwo wà lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó gba iṣẹ́ láyè. Kò ní di 160, nǹkan bí 83 ló máa jẹ́. Ìwọ̀n désíbẹ̀lì kì í lọ ní ìṣírò ká-máa-rò-ó-pọ̀: tí agbára ìró bá di ìlọ́po méjì, 3 ló ń fi kún un, tó bá di ìlọ́po mẹ́wàá, 10. Nítorí náà, 83 lè dún bí ẹni pé kò tó nǹkan létí, àmọ́ agbára tó ń wọ etí ti di méjì. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń lo 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ààlà tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá láìfi nǹkan dí etí, ẹ ti sún mọ́ ọn. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kejì dé, ẹ ní kí wọ́n wá wọn ibi tí ẹ̀ ń dúró sí gan-an, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.